Ẹ̀ṣẹ́ tó ju máàkì lọ: ọ̀rọ̀ ọmọbìnrin oníkáráté kan ní Òṣogbo

Ọmọ ọdún 19 ni ọmọbìnrin tí mò ń kọ̀wé nípa rẹ̀ yìí. Òṣogbo ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ náà ló ti ń ṣe káráté láti ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Nínú ìdíje kan tó lọ ṣe nílùú Ìbàdàn, máàkì 3 sí 1 ló fi ń ṣíwájú, aago ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí, àwọn ará ilé rẹ̀ ti ń hó yèè, àfi bí rẹfirí ṣe na ọwọ́ sí ẹni tí wọ́n jọ ń jà pé òun ló borí. Hansoku ni wọ́n fún ọmọ wa, ìyẹn ni pé wọ́n lé e kúrò nínú ìjà torí pé ẹ̀ṣẹ́ tó jù le kọjá ohun tí òfin gbà. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀, mi ò sì ní dárúkọ dójò rẹ̀, ìyẹn ibi tó ti ń kọ́ káráté. Òun àti ìyá rẹ̀ ló ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀, nítorí ohun tí wọ́n ń sọ kiri àdúgbò ti yàtọ̀ pátápátá sí ohun tó ṣẹlẹ̀.

Adájọ́ káráté lèmi náà, Òṣogbo ni mò ń gbé. Mi ò sí lára àwọn tó dájọ́ lọ́jọ́ náà. Ìyá ọmọ náà, tó ń ta àdìrẹ nítòsí Ọjà Ọba, ló ránṣẹ́ pè mí. Nígbà tí mo dé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, àbúrò bàbá ọmọ náà ti jókòó síbẹ̀, ojú rẹ̀ le koko. Kò tiẹ̀ jẹ́ kí n kúnlẹ̀ kí òun tán tó fi ní, "Ẹ dìde, Ańtí Rẹfirí. Ẹ wá ṣàlàyé fún wa. Níbo ni wọ́n ti ń na èèyàn, tí ẹni tí wọ́n nà á tún wá gba ife? Òjóró ni!"

Bó ṣe dénú káráté

Káráté kì í ṣe ohun tí ilé náà rò fún un. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ni wọ́n fi sí i, òun a kàn máa tẹ̀ lé e lọ láti bá a gbé báàgì. Ẹ̀gbọ́n pa á tì kò pẹ́, àbúrò kò pa á tì. Nígbà tó fi máa pé ọmọ ọdún 14, òun nìkan ni obìnrin tó kù nínú àwọn tó ń jà ní dójò yẹn. Nínú àwọn obìnrin yòókù, òmíràn ti lọ kọ́ṣẹ́ aránṣọ, òmíràn ń múra ìdánwò, àwọn kan sì wà tó jẹ́ pé bàbá wọn ló ní ó tó gẹ́ẹ́. Tirẹ̀ náà fẹ́ dúró nígbà tí àwọn kan nínú mọ̀lẹ́bí bẹ̀rẹ̀ sí í bi bàbá rẹ̀ pé ṣé ìta gbangba ni ọmọ mùsùlùmí yóò ti máa ṣí orí sílẹ̀ bá èèyàn jà. Kóòṣì ló gbé ìwé òfin WKF, àjọ tó ń ṣe àkóso káráté lágbàáyé, lọ bá bàbá náà. Òfin fàyè gba ìbòrí dúdú tí kò ní ọ̀ṣọ́ kankan lára, kó bo irun, kó má bo ọ̀fun. Bàbá kà á, ó tún un kà, ó ní kí wọ́n lọ ra ìbòrí dúdú. Ó ti di olóògbé báyìí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó sọ lọ́jọ́ náà ni kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún yọ ọmọ náà lẹ́nu lórí ìbòrí.

Oṣù kẹjọ ọdún 2021 ló wá gba ọkàn rẹ̀ tán. Ọdún yẹn ni káráté kọ́kọ́ wọ inú Òlíḿpíìkì, ní gbọ̀ngàn Nippon Budokan ní Tokyo. Feryal Abdelaziz, ọmọ Íjíbítì, jà láàárín àwọn obìnrin tó wúwo ju kílò 61 lọ, ó sì gba góòlù. Kò sí obìnrin Íjíbítì kankan tó gba góòlù Òlíḿpíìkì rí kó tó kàn án. Ọmọ wa gbé àwòrán Feryal sí ojú fóònù rẹ̀, ó ní ọmọ Áfíríkà bíi tòun ni, ohun tọ́wọ́ rẹ̀ bá tẹ̀, ọwọ́ tòun náà á tẹ̀ ẹ́.

Látìgbà yẹn, ìpele tí kò ju kílò 55 lọ ló ń jà. Ó borí ní ìpínlẹ̀, ó gba bàbà níta ìpínlẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í mọ orúkọ rẹ̀. Ọ̀nà tó là kalẹ̀ fún ara rẹ̀ kò ṣòroó tẹ̀ lé: kó jà débi tí wọ́n á ti pè é sí ẹgbẹ́ Nàìjíríà, kó ti ibẹ̀ dé ìdíje Áfíríkà, kó wá bẹ̀rẹ̀ sí í kó máàkì jọ nínú àwọn ìdíje Karate 1 tí WKF máa ń ṣe káàkiri ayé. Ìdíje Ìbàdàn yẹn wà lójú ọ̀nà náà.

Fídíò

Ẹnì kan tó bá wọn lọ ló fi fóònù ya ìjà náà láti ibi tí àwọn òǹwòran jókòó sí. Ìyá ọmọ gbé fóònù lé orí àdìrẹ tó ká jọ gègèrè, gbogbo wa bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn. Ọmọ náà fúnra rẹ̀ wà níbẹ̀, kò sọ̀rọ̀. Mo ní kí wọ́n dín eré fídíò náà kù, kó máa rìn díẹ̀díẹ̀.

Ọmọ wa ló wọ pupa, ẹnì kejì wọ búlúù. Máàkì ló ń wá, àkókò sì ti ń lọ mọ́ ọn lọ́wọ́, ni ẹlẹ́búlúù bá sáré wọlé, ó na ọwọ́ iwájú láti jí máàkì kan. Ọmọ wa kò yẹ̀ kúrò lójú kan. Ó fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ti ilẹ̀, ìbàdí rẹ̀ yí, gyaku-zuki, ìyẹn ẹ̀ṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀yìn, jáde tààrà sí ojú ẹni tó ń bọ̀. Orí ọmọ ọlọ́mọ fò padà. Ó wólẹ̀ lórí orúnkún, ó fi ìbọ̀wọ́ bo imú. Nígbà tó gbé e kúrò, ẹ̀jẹ̀ ti ṣàn dé ètè rẹ̀. Wọ́n pe dókítà.

"Ẹ̀yin náà rí i!" Àbúrò bàbá fò sókè lórí àga. "Ta ló sáré bá ta ni? Òun ló fi imú gbá ọwọ́ ọmọ wa!"

A rẹ́rìn-ín, àní ìyá ọmọ náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọ̀gá náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọ̀bọ. Àyè wà fún un nínú òfin, mubobi ni wọ́n ń pè é: ẹni tó bá sáré já wọ inú ẹ̀ṣẹ́ láìdáàbò bo ara rẹ̀, òun gan-an ni wọ́n máa kìlọ̀ fún. Irú ìjà bẹ́ẹ̀ wà tí mo ti dá, tí ẹni tí imú rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀ tún gba ìkìlọ̀ lé e. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní ká tún un wò, ká gbàgbé imú ẹnì kejì, ká fi ojú sí ọwọ́ ọmọ wa nìkan.

Ọwọ́ náà kò padà. Ẹ̀ṣẹ́ káráté ìdíje gbọ́dọ̀ yára lọ kó sì yára bọ̀. Bó bá ti fara kan awọ ojú, ó ti parí iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn, kó máa padà sí ẹ̀gbẹ́ ìbàdí. Tirẹ̀ lọ, ó dúró síbẹ̀, èjìká sì tún tì í kọjá ibi tí ojú ọmọ yẹn wà. Rẹfirí ti pariwo "yame" pé kí wọ́n dúró, ọwọ́ ṣì nà gbọọrọ. Ẹni tó sáré wọlé kò ṣe dáadáa, mi ò jiyàn, àmọ́ ẹni tó lù ú kò kó ẹ̀ṣẹ́ rẹ̀ níjàánu rárá. Ká ní èmi ni mo wà níbẹ̀, bí wọ́n ṣe dá a yẹn náà ni màá ṣe dá a.

Ìyá rẹ̀ wá bi mí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé ṣé kì í ṣe pé ọmọ yẹn ń díbọ́n. Mo ní rárá, mà. Òfin tó ń dáàbò bo ẹni tí wọ́n ṣe léṣe kò fàyè gba ẹni tó ń díbọ́n. Ẹni tó bá fi ìrora ṣe eré orí ìtàgé, ìyà ń bẹ fún un, ó sì lè ju ti ẹni tó lù ú lọ. Dókítà ló wo imú yẹn, òun ló sọ pé kò lè jà mọ́.

Ohun kan tún wà tí àwọn ará ilé kò kà sí. Kó tó ju ẹ̀ṣẹ́ yẹn, wọ́n ti kìlọ̀ fún un nítorí lílù tó le, ìkìlọ̀ tó gbà kẹ́yìn sì ni hansoku-chui. Lẹ́yìn ìyẹn, kò sí ìkìlọ̀ mọ́, ilé ló kù. Fídíò wọn kò ní apá yẹn nínú torí pé ẹni tó ń yà á kò tíì bẹ̀rẹ̀ nígbà náà. Ọmọ náà mọ̀. Kò sọ fún wọn ni.

Ẹni tí wọ́n nà tó gba góòlù

Àbúrò bàbá kò tíì gbà. Lójú tirẹ̀, bí ẹ̀ṣẹ́ bá ṣe le tó ló yẹ kí máàkì rẹ̀ pọ̀ tó. Mo ka máàkì fún un: ẹ̀ṣẹ́ tó wọlé dáadáa, yálà sí ojú tàbí sí ara, máàkì 1, ìpá sí ara, máàkì 2, ìpá sí orí, máàkì 3. Èyí tó fọ́ imú kò ní máàkì kankan. Ó tún kan àga rẹ̀ mọ́lẹ̀: ìbéèrè tòun ni pé níbo ni wọ́n ti ń ṣe irú ẹ̀.

Tokyo ni mo dá a lóhùn. Ọjọ́ keje oṣù kẹjọ ọdún 2021. Ìjà àṣekágbá àwọn ọkùnrin tó wúwo ju kílò 75 lọ, Tareg Hamedi láti Saudi Arabia ń fi máàkì 4 sí 1 na Sajad Ganjzadeh láti Ìráànì. Hamedi gbé ẹsẹ̀, ìpá náà bá Ganjzadeh ní ọ̀nà ọrùn, ọkùnrin náà ṣubú, kò mọ ara mọ́, wọ́n gbé e jáde. Hansoku. Ẹni tí wọ́n gbé jáde ló gba góòlù. Orílẹ̀-èdè Saudi Arabia kò sì tíì gba góòlù Òlíḿpíìkì kankan rí. Ó ti wà lọ́wọ́ Hamedi, ìpá kan gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, fàdákà ló mú lọ sílé.

Mo wá yíjú sí ọmọ náà, torí òun gan-an ni mo fẹ́ kó gbọ́ èyí tó kù. Ọjọ́ kan náà yẹn, nínú gbọ̀ngàn kan náà, ni Feryal tó wà lójú fóònù rẹ̀ gba góòlù tirẹ̀. Iryna Zaretska ló bá jà, ọmọ Azerbaijan, tó ti gba ife ẹ̀yẹ àgbáyé lọ́dún 2018 ní ìpele kílò 68. Máàkì mélòó ni Feryal fi borí? Méjì sí òdo. Ìṣẹ́jú mẹ́ta gbáko, máàkì méjì péré, kò sẹ́ni tó ṣubú.

Ibẹ̀ ni ọmọ náà ti kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Mo mọ̀ ọ́n wò, mà. Mi ò mọ̀ ọ́n ṣe ni. Ní dójò wa, tí mi ò bá lù wọ́n kó dùn wọ́n, wọn ò ní kà á."

Ilẹ̀ tó kéré

Ọ̀rọ̀ yẹn ló gbé mi lọ sí dójò. Yàrá ìkàwé kan ni wọ́n ń lò lẹ́yìn tí ilé ẹ̀kọ́ bá ti parí, lọ́nà Òkè-Fìà. Wọ́n á kó àga jọ sí ẹ̀gbẹ́ kan, wọ́n á tẹ́ mátì sílẹ̀. Mátì náà kò ju ogún lọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ mítà 1 ní òró àti ìbú. Ilẹ̀ ìjà gidi, mítà 8 sí mítà 8 ni, ìyẹn mátì 64, kí a tó ka ti mítà 1 tó yí i ká fún ààbò.

Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà, mo wò wọ́n. Ẹni tí wọ́n bá kọlù nínú yàrá yẹn kò ríbi sá sí. Ìgbésẹ̀ kan sẹ́yìn, ògiri. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, àga. Nítorí náà, gbogbo wọn ti kọ́ láti dúró kí wọ́n sì lù. Lórí ilẹ̀ tó fẹ̀, ọ̀nà jíjìn ni ẹni tó ń bọ̀ ti máa gbéra, eré rẹ̀ á ti le kó tó dé, ẹni tó sì dúró dè é pẹ̀lú ẹ̀ṣẹ́ tí kò padà, agbára méjì ló máa pàdé ní imú ẹnì kan. Bó ṣe ṣẹlẹ̀ ní Ìbàdàn gan-an nìyẹn.

Èkejì ni àwọn tó ń bá a jà. Ọkùnrin ni gbogbo wọn, kò sí èyí tí kò wúwo jù ú lọ. Ẹ̀ṣẹ́ tó yẹ kó gba máàkì lórí ìdíje, wọ́n á rìn gba inú rẹ̀ kọjá bí ẹni pé kò sóhun tó ṣẹlẹ̀. Mo gbọ́ ọ̀kan tó ní "Ìyẹn nà? Kò dé ara mi." Kóòṣì náà sì ní àṣà kan: kò ní ka máàkì àfi tó bá gbọ́ ohùn ẹ̀ṣẹ́ lára aṣọ. "Ó gbọ́dọ̀ dún!" ló ń pariwo láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó ní ìdí tirẹ̀, torí àwọn ọmọ kéékèèké máa ń ju ẹ̀ṣẹ́ bí ẹni lé eṣinṣin, ohun tó fi ń jí wọn nìyẹn. Mi ò bá a jà. Ọkùnrin tó ń fi owó oṣù tíṣà ra ìbọ̀wọ́ fún ọmọ ọlọ́mọ kò yẹ lẹ́ni tí à ń pariwo mọ́. Àmọ́ ọmọbìnrin kan ṣoṣo tó wà láàárín wọn ti fi ọdún márùn-ún kọ́ pé ẹ̀ṣẹ́ tí kò bá ro èèyàn lára kì í ṣe ẹ̀ṣẹ́. Ohun tí dójò kọ́ ọ ló gbé lọ sí Ìbàdàn, ohun náà ni wọ́n sì torí rẹ̀ lé e.

Mo ti rí irú ẹ̀ lára àwọn ọmọbìnrin míì tó jẹ́ pé àwọn nìkan ló wà láàárín ọkùnrin. Àwọn kan sá. Àwọn tó bá dúró, ọwọ́ wọn máa ń le jù, àwọn èèyàn á sì máa yìn wọ́n pé wọ́n ń jà bí ọkùnrin. Èmi kì í fẹ́ gbọ́ ìyìn yẹn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan tí kò sí nínú òfin. Kí n tó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ìyá ọmọ wa ti ní kí n bá òun wá nọ́ńbà ìyá ọmọ kejì. Nígbà tí mo rí i, ó pè é lójú mi. "Ẹ kú ewu ọmọ o, ìyá mi. Ẹ ṣàánú wa, ọwọ́ ọmọdé ni." Ìyẹn náà ní imú kò kán, ó wú ni, ó ti ń lọ sílẹ̀. Àwọn méjèèjì sọ̀rọ̀ títí wọ́n fi dé orí owó ilé ẹ̀kọ́. Láti ìgbà yẹn ni "òjóró" ti kúrò lẹ́nu ìyá náà.

Ẹfun àti omi inú ọ̀rá

Kóòṣì gbà kí a gbìyànjú ohun mìíràn. A jáde sí pápá tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì lé níwájú ilé ẹ̀kọ́, a fi ẹfun fa ìlà mítà 8 sí mítà 8. Lórí sìmẹ́ńtì, a kò jẹ́ kí wọ́n gbé ara wọn ṣánlẹ̀, ẹ̀ṣẹ́ àti ìrìn ẹsẹ̀ nìkan ni. Ibẹ̀ ni ọmọ náà ti kọ́kọ́ rí ẹni tó ti ọ̀nà jíjìn sáré bọ̀ wá bá a, tó sì ní àyè láti fi ẹsẹ̀ kan sẹ́yìn kó tó ju ẹ̀ṣẹ́.

Ọ̀rá píọ̀ wọ́tà la fi kọ́ ọwọ́ rẹ̀ ní pípadà. Wọ́n bu omi díẹ̀ sínú ọ̀rá tí wọ́n ti mu, wọ́n so ó, wọ́n fi òwú gbé e kọ́ sára ẹ̀ka máńgòrò, kó ṣe déédéé àgbọ̀n. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó ju gyaku-zuki sí i: kí ọ̀rá mì, kó má fì. Ó dà bí eré ọmọdé, kì í ṣe eré. Èyí àkọ́kọ́ tó lù fò lọ gbá ẹ̀ka, ó bẹ́, omi fọ́n sí i lójú, àwọn ọkùnrin rẹ́rìn-ín kíkankíkan. Nígbà tó kan àwọn náà, tiwọn náà bẹ́. Òun ló kọ́kọ́ gbọ́n sí i nínú gbogbo wọn, bóyá torí pé ohun tó sọnù lọ́wọ́ rẹ̀ ju tiwọn lọ.

Èkejì ni pé a wá obìnrin fún un. Àwọn ọmọbìnrin méjì wà ní dójò kan ní Ẹdẹ tí ìwọ̀n wọn kò jìnnà sí tirẹ̀. Wọ́n ń wá lọ́jọ́ Sátidé, ìyá ọmọ wa ló ń san owó ọkọ̀ wọn. Ẹni tí kò bá wúwo jù ọ́, tó sì mọ̀ nígbà tí ẹ̀ṣẹ́ bá fara kan òun, òun ló lè sọ fún ọ bóyá ó pọ̀ jù. Kóòṣì náà ti yí ohùn padà díẹ̀. "Mú un padà!" ló ń pariwo báyìí. Ó ṣì ń sọ "ó gbọ́dọ̀ dún" fún àwọn ọmọ kéékèèké.

Àbúrò bàbá tún gbé ọ̀rọ̀ mìíràn dé. Ó ti gbọ́ níbìkan pé wọ́n ti yọ káráté kúrò nínú Òlíḿpíìkì, kí wá ni ọmọ ń fi ara wahálà sí? Òótọ́ ni: kò sí ní Paris lọ́dún 2024, kò sì sí nínú ti Los Angeles lọ́dún 2028. Mo sọ fún un pé ìdíje àgbáyé ṣì ń lọ, ìdíje Áfíríkà ń lọ, obìnrin sì ní ìpele márùn-ún níbẹ̀, nígbà tí Tokyo fún wọn ní mẹ́ta péré. Kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Mi ò dá a lẹ́bi, owó ló ń wò. Ìwé ìrìnnà, ọkọ̀ òfuurufú, owó ìforúkọsílẹ̀, ẹni tí kò bá sí nínú ẹgbẹ́ orílẹ̀-èdè, àpò ara rẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti ń jáde.

Ìdíje tó tẹ̀ lé e

Ó padà sórí mátì ní ìdíje míì. Ó ja ìjà mẹ́ta, ó borí nínú méjì. Ìkìlọ̀ kan ló gbà, kì í sì í ṣe nítorí pé ó lu ẹnikẹ́ni: ó ń fi ẹsẹ̀ sẹ́yìn bí a ṣe kọ́ ọ, ó fi sẹ́yìn títí ó fi jáde kúrò nínú ìlà. Jogai ni wọ́n ń pe ìyẹn. Ẹni tó ti fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ jà lẹ́bàá ògiri, níbo ló ti máa mọ ibi tí mátì parí sí?

Ìjà kẹta, máàkì 2 sí 2 ni wọ́n parí, wọ́n ní òun ló pàdánù. Àbúrò bàbá tún ti dìde. Kí n tó yanu, ìyá ọmọ ti dá a lóhùn: "Ẹ jókòó, ọkọ mi. Senshu ni. Ẹni tó kọ́kọ́ gba máàkì ló ni ín tí wọ́n bá jọ ṣe ọgbọọgba." Ó jókòó, ó ní òfin burúkú ni.

Iṣẹ́ tó kù kò kéré. Ọwọ́ ọ̀tún ti ń padà, àmọ́ ọwọ́ òsì, tó fi ń ju kizami, ẹ̀ṣẹ́ ọwọ́ iwájú, ṣì máa ń dúró síta pẹ́, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ Ẹdẹ ti rí i, ibẹ̀ ló sì ń gbà wọlé lù ú. Kóòṣì ti ní kí wọ́n so ọ̀rá kejì mọ́ ẹ̀ka náà, kó lọ sílẹ̀ díẹ̀, kó wà lápá òsì.